Jíìnì tí ọlẹ̀ ti pa lẹ́nu mọ́, ta ló ń rántí pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́?

Ìbéèrè_ò_tán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan tó ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ ṣàlàyé níwájú kíláàsì bí ọlẹ̀ ṣe máa ń mú àwọn jíìnì kan dákẹ́ nígbà tó bá ń dàgbà nínú oyún, mo ti kàwé, mo ti wo fídíò, mo ti ya àwòrán tèmi náà, àmọ́ ibì kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ṣe rò pé mo ti dì í mú báyìí ló máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ibi tó yé mi rèé. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀, ó pín sí méjì, méjì di mẹ́rin, títí tó fi di odindi èèyàn, bó sì ṣe ń pín ló ń da DNA rẹ̀ kọ lódindi fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Torí náà ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, nǹkan bí 20,000 jíìnì tó ń ṣe pùròtéènì. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ níbí ló dákẹ́ lọ́hùn-ún, ìyàtọ̀ wọn ò ju ìyẹn lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ò yé mi wá nìyí o. Wọ́n ní àmì tó ń mú jíìnì dákẹ́ ò sí nínú lẹ́tà DNA fúnra rẹ̀, orí histone ló wà, ìyẹn àwọn pùròtéènì tí DNA wé mọ́ bí òwú ṣe ń wé mọ́ igi. Wọ́n tún ní tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, wọ́n á pín histone àtijọ́ sí méjì, ìdajì fún ọmọ kan ìdajì fún èkejì, wọ́n á wá fi histone tuntun tí ò ní àmì kankan dí àyè tó ṣófo. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tí ìdajì bá ń lọ nígbà gbogbo, tó bá fi máa pín lẹ́ẹ̀mẹwàá, àmì tó kù ò ní tó ọ̀kan nínú 1,000. Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ṣe ṣì ń rántí ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tó wà nínú ikùn ìyá ẹ̀? Ta ló ń bá a rántí?

Ìkejì, Polycomb tí wọ́n ní ó ń mú jíìnì dákẹ́ àti methyl, ìyẹn àmì kẹ́míkà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ DNA, ṣé ọ̀kan náà ni àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ìwé kan dà wọ́n pọ̀, èkejì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹní ń ṣàlàyé fún àbúrò ẹ̀, mo fẹ́ kó yé mi délẹ̀délẹ̀ ni.

Ṣọlá_tó_ń_kàwé:
Ọ̀rẹ́, má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú púpọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti yan iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ó máa fi àgádágodo ti gbogbo jíìnì tí ò nílò mọ́, á sì ju kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nù, ó parí. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì awọ ara ò fi lè padà di nǹkan míì. Mo tiẹ̀ gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ńṣe ni wọ́n ń gé àwọn jíìnì yẹn sọ nù pátápátá.

Ọmọ_Láàbù:
Ẹ má bínú o @Ṣọlá_tó_ń_kàwé, mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn kọjá bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọn ò gé jíìnì kankan sọ nù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gé jíìnì antibody wọn tún tò lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn dá yàtọ̀, kì í ṣe bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń di ẹ̀dọ̀ nìyẹn. John Gurdon ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti 1962. Ó yọ núkílọ́ọ̀sì, ibi tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì, láti inú sẹ́ẹ̀lì ìfun légbénlégbé, ìyẹn ọmọ àkèré, ó fi sínú ẹyin àkèré tí wọ́n ti pa núkílọ́ọ̀sì tiẹ̀ run, díẹ̀ nínú àwọn ẹyin yẹn sì dàgbà di légbénlégbé tí ara rẹ̀ pé, ó ní ojú, ó ní ìrù, ó ń lúwẹ̀ẹ́. Láti inú ìfun o! Ní 2006 Shinya Yamanaka fi jíìnì 4 péré sọ sẹ́ẹ̀lì awọ eku di ohun tó jọ sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ padà. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Torí náà kò sẹ́ni tó ju kọ́kọ́rọ́ nù.

Wàyí o, àbúrò mi @Ìbéèrè_ò_tán, ìwọ náà lo ní ká ṣàlàyé fún ẹ bí àbúrò. Yọ àgádágodo kúrò lọ́kàn ẹ. Ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fẹ̀yìn tì ni kó o máa rò. Kò sí irin kankan lára ilẹ̀kùn yẹn, tí ẹni yẹn bá kúrò nídìí ẹ̀, á ṣí. Ohun tí ò jẹ́ kó ṣí ni pé ẹni tó fẹ̀yìn tì í ò kúrò, tí ilé bá sì di méjì ó máa ń wá ẹni tó máa fẹ̀yìn ti tọ̀hún náà.

Eṣinṣin kékeré tó máa ń ràbàbà lórí èso ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, Drosophila. Akọ ẹ̀ ní irun líle tó tò bí eyín òòyà, ẹsẹ̀ méjì iwájú nìkan ló sì máa ń wà. Ní 1947 Pamela Lewis kọ nípa eṣinṣin kan tí jíìnì ẹ̀ kan ti yí padà, òòyà yẹn ti yọ lára ẹsẹ̀ àárín àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ibi tí orúkọ Polycomb ti wá nìyẹn, òòyà tó pọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti gbàgbé pé ẹ̀yìn lòun wà ni. Ọkọ ẹ̀, Edward Lewis, ló wá fi hàn ní 1978 pé iṣẹ́ tí Polycomb ń ṣe ni pé kó máa dá àwọn jíìnì Hox dúró níbi tí wọn ò ti gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn jíìnì Hox ló ń sọ fún apá kọ̀ọ̀kan nínú ara pé ìwọ ni ọrùn, ìwọ ni àyà, ìwọ ni ìdí. Eṣinṣin yẹn ní 8, àwa èèyàn ní 39.

Ibi tí mo fẹ́ kó o tẹ etí sí gan-an rèé, torí ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sáré kọjá lórí ẹ̀. Polycomb kọ́ ló ń pinnu jíìnì tó yẹ kó dákẹ́. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹyin eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, àwọn pùròtéènì kan máa ń tàn ká láti ọ̀nà orí lọ sí ọ̀nà ìdí, Hunchback jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn ló ń wo ibi tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà tí wọ́n ń sọ pé ìwọ Hox yìí, dákẹ́ níbí. Àmọ́ wọn kì í pẹ́. Kò ju wákàtí mélòó kan lọ tí wọ́n á ti tán pátápátá, eṣinṣin ọ̀hún ò tíì ní ẹsẹ̀ kan rárá nígbà yẹn. Ìgbà yẹn ni Polycomb máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Jíìnì tó bá ti bá tó dákẹ́, á rí i pé ó dákẹ́ lọ, èyí tó bá ti bá tó ń sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n ń pè ní Trithorax á máa bá a di ilẹ̀kùn tiẹ̀ mú ní ṣíṣí. Ẹni tó pàṣẹ ti lọ, ẹni tó ń pa àṣẹ mọ́ ló kù.

Eku náà ò yàtọ̀. Bmi1 jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí Polycomb, tí wọ́n bá yọ ọ́ lára eku, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣe bí ẹni pé ó ti sún sẹ́yìn ní ipò kan, eegun ọrùn tó gbẹ̀yìn á wá hu eegun ìhà bíi pé àyà lòun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò eegun yẹn mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀.

Ó ku ìṣirò ẹ. Ìṣirò ẹ dáa gan-an, ohun kan lo fò. Ẹgbẹ́ pùròtéènì kan wà nínú ẹbí Polycomb tó ń jẹ́ PRC2. EZH2 tó wà nínú ẹ̀ ló ń kọ, òun ló ń lẹ methyl 3 mọ́ histone H3 níbi tí wọ́n ń pè ní lysine 27. EED tó wà nínú ẹ̀ ló ń kà. Tí EED bá ti fọwọ́ kan àmì àtijọ́, ara EZH2 á yá sí iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú àmì yẹn sórí histone tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ (2009 ni wọ́n rí i pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn). Tí sẹ́ẹ̀lì bá wá pín, àwọn histone àtijọ́ kì í fọ́n ká kiri, ìtòsí ibi tí wọ́n ti kúrò ni wọ́n ń padà sí, ìdajì tó kù yẹn sì ti tó fún EED láti rí ohun tó máa kà. Ó ń kà, èkejì ń kọ, títí àyè á fi kún padà. Kì í yára o, sẹ́ẹ̀lì mìíràn lè fẹ́ pín lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kún tán.

Ìbéèrè_ò_tán:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni! Ọ̀rọ̀ ẹni tó pàṣẹ àti ẹni tó ń pa àṣẹ mọ́ yẹn ti tú nǹkan kan sílẹ̀ nínú orí mi, ńṣe ni mo dìde dúró nígbà tí mo kà á. Àmọ́ ṣé àmì ọ̀hún nìkan tó? Ká ní àmì ń da ara ẹ̀ kọ, ṣé kò nílò nǹkan kan lára DNA mọ́ rárá?

Ọmọ_Láàbù:
Ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn, àríyànjiyàn ẹ̀ sì pẹ́ nílẹ̀. Nínú eṣinṣin, ibì kan wà lórí DNA tí ẹbí Polycomb ti ń rí ẹsẹ̀ dúró, PRE ni wọ́n ń pè é. Ní 2017 ẹgbẹ́ olùwádìí méjì gé PRE yẹn kúrò lẹ́yìn tí jíìnì ti dákẹ́ tán. O mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀? Àmì orí histone ò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kàn ń dín kù bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín, gẹ́lẹ́ bí ìṣirò tó o ṣe yẹn, lẹ́yìn tó sì ti pín bí ìgbà mélòó kan jíìnì náà jí. Torí náà ìṣirò ẹ kì í ṣe àṣìṣe, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí PRC2 ò bá ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀ lo ṣírò. Ó nílò méjèèjì, ibi tó máa dúró sí àti àmì tó máa kà.

Ọ̀rọ̀_Jíìnì:
Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, iṣẹ́ mi ò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Methyl ti Polycomb, orí histone ló wà. Methyl kejì, orí lẹ́tà C nínú DNA gan-an ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, pàápàá níbi tí G bá ti tẹ̀ lé C. Tó o bá ka C àti G yẹn lápá kan okùn DNA, tó o bá yí i padà wo òdìkejì, C àti G náà ni wàá bá níbẹ̀. Torí náà nígbà tí okùn méjèèjì bá ya ara wọn, tí wọ́n da tuntun kọ, apá kan á ní àmì, apá kejì ò ní ní, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ DNMT1 á wá wo apá àtijọ́, á sì fi tiẹ̀ sí tuntun. Ìdàkọ yìí rọrùn lójú ju ti histone lọ. Ní 1992 wọ́n ba DNMT1 jẹ́ nínú eku, àwọn ọlẹ̀ yẹn ò dàgbà kọjá àárín oyún tí wọ́n fi kú.

Nǹkan míì tó wù mí nínú ẹ̀ ni pé ọlẹ̀ máa ń kọ́kọ́ nu èyí tó pọ̀ jù nínú àmì orí DNA kúrò ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ti bàbá ló tiẹ̀ ń yára lọ jù. Ìgbà tó bá ń lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ ni DNMT3A àti DNMT3B á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun. Wo jíìnì Oct4, òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ wà láìtíì yan iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́, kó sì dákẹ́ títí lọ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́, wọ́n á lẹ irú methyl mìíràn mọ́ histone rẹ̀ ní lysine 9, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi methyl lẹ DNA rẹ̀ gan-an. Àwọn Hox kọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, torí ibì kan ṣì máa nílò wọn lọ́la. Ohun tí mo rí sí i ni pé Polycomb wà fún jíìnì tó ṣì lè jí, àmì orí DNA ló máa ń wà fún èyí tí wọn ò fẹ́ gbóhùn ẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo ṣá, krómósómù X kan, ìyẹn odindi okùn DNA kan, tí obìnrin máa ń pa lẹ́nu mọ́ nínú méjì tó ní (Mary Lyon ló sọ ọ́ ní 1961), àmì méjèèjì ló wà lára ẹ̀.

Tó o bá fẹ́ fi kún iṣẹ́ ẹ, ní 2006 wọ́n rí i nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ eku pé ọ̀pọ̀ jíìnì tó ń darí ìdàgbàsókè ló ní àmì ìdákẹ́ ti Polycomb àti àmì ọ̀rọ̀ sísọ lórí ibì kan náà. Ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan lóde. Wọ́n dákẹ́, àmọ́ wọ́n ti múra sílẹ̀.

ÌyáÌtùnú:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi ò kàwé sáyẹ́ǹsì, EZH2 tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n dúró. Ọmọkùnrin mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní Weaver syndrome. Ó ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ láti kékeré, wọ́n ya fọ́tò eegun ọwọ́ ẹ̀ wọ́n ní eegun yẹn ti dàgbà ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ, nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò jíìnì wọ́n ní EZH2 ló ní àṣìṣe kan. Dókítà ṣàlàyé àmọ́ ojú mi ti kún fún omi lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ìdajì. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe nínú oyún. Mo ṣe wàhálà púpọ̀ nígbà tí mo lóyún ẹ̀, mo sunkún púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé èmi ni mo fà á?

Ìmọ̀_Ara:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo wo fídíò kan tí wọ́n ti ní gbogbo ìrònú ìyá ló ń kọ ara ẹ̀ sórí jíìnì ọmọ inú, pé tí ọkàn ìyá ò bá balẹ̀ jíìnì ọmọ á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Torí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má dá ara yín lẹ́bi, ẹ ò mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀_Jíìnì:
@Ìmọ̀_Ara, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín ni o, ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn ìyá ọlọ́mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Mà, ìdáhùn ìbéèrè yín ni rárá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Àṣìṣe inú EZH2 tó ń fa Weaver, lẹ́tà DNA fúnra rẹ̀ ló yí padà, kì í ṣe àmì orí histone, ẹkún ò sì lè lọ mú jíìnì kan ṣoṣo nínú 20,000 kó yí lẹ́tà ẹ̀ padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in, àṣìṣe yẹn tuntun ni, kò sí lára ìyá, kò sí lára bàbá, ìgbà tí wọ́n ń da DNA kọ nínú ẹyin tàbí nínú àtọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. 2011 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé EZH2 ló ń fà á. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ti ṣe.

Ẹ̀dà méjì ni kálukú wa ní nínú EZH2. Nínú eku tí ẹ̀dà méjèèjì bàjẹ́, ọlẹ̀ kì í pẹ́ kú, kì í tiẹ̀ tíì ní orí tàbí ẹsẹ̀. Ti Ìtùnú, ẹ̀dà kan ló ní àṣìṣe, ìkejì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun ló bá a to gbogbo ara ẹ̀. Ẹni tó ń fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí @Ọmọ_Láàbù ṣe wí ò tó iye tó yẹ ni, ìdàgbà wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn nígbà tí ọkàn yín bá balẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé lọ, ẹ ní kó tún un ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n máa ṣe fún un bó ṣe ń dàgbà. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ohun tí mo rò pé fídíò yẹn lọ yí pọ̀, ìyàn tó mú ní Netherlands ní 1944 sí 1945 ni. Ní nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n lóyún wọn nínú ìyàn yẹn wò, wọ́n rí i pé methyl orí jíìnì IGF2 wọn dín sí ti àwọn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn díẹ̀. Òótọ́ nìyẹn. Àmọ́ ìyàn gidi ni o, àìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí sì kéré. Ìyẹn àti pé ìyá sunkún ò jọra rárá.

ÌyáÌtùnú:
Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Màá fi han bàbá ẹ̀ tó bá dé.

Ìmọ̀_Ara:
Mà, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ó lè dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sọ ọ́. Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́ lórí fóònù mi.

Ìbéèrè_ò_tán:
Ẹ ṣé o gbogbo yín. Mà, ẹ kí Ìtùnú fún mi. Mo ti yọ àgádágodo tí mo yà sórí jíìnì kúrò nínú àwòrán mi. Mo ya okùn DNA kan tó ń di méjì dípò ẹ̀, histone tó ní àmì mo fi pupa kùn ún, tuntun mo fi í sílẹ̀ ní funfun, pupa kan funfun kan, pupa kan funfun kan, mo wá ya EZH2 sórí funfun kó máa kùn ún. Ṣé ó ti dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n @Ọmọ_Láàbù?

Ọmọ_Láàbù:
Ó dáa gan-an. Ibì kan ló kù, EZH2 ẹ dá dúró sórí funfun láìsí ẹni tó sọ ohun tó máa kọ fún un. Ya EED mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jẹ́ pé bí EED ṣe ń fọwọ́ kan pupa ni EZH2 ń kun funfun. Pupa àti funfun ò sì ní máa tẹ̀ lé ara wọn létòlétò bẹ́ẹ̀, máa dà wọ́n pọ̀ díẹ̀, ibòmíì pupa méjì, ibòmíì funfun mẹ́ta. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní kíláàsì pé ta ló kọ pupa àkọ́kọ́, padà sórí ẹyin eṣinṣin, kó o bẹ̀rẹ̀ látorí Hunchback.